Kí Ẹ Tó Sanwó Táyà: Ohun Tí Gàràntí Ń Bò àti Ohun Tí Kì Í Bò

  Ẹni tó bá wà nítòsí rédíò, kó bá wa gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí àwọn tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé náà lè máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera ti wọ inú ara wọn lónìí. Táyà ọkọ̀ la fẹ́ sọ. Ẹlòmíì á ní: "Èmi ò ní ọkọ̀, kí ló kàn mí?" Ẹ má tíì dìde. Bí ẹ bá ń wọ taksí lọ sí ọjà Ouando, bí ẹ bá ń di tòmátì ránṣẹ́ sí Dantokpa, bí ọmọ yín bá ń gun zémidjan lọ sí iléèwé, orí táyà ni gbogbo yín jókòó lé. Ibi tí táyà kan fi kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló gbé ọkọ̀, ẹrù àti ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Lọ́jọ́ ọjà kan, awakọ̀ kan gbé táyà tó ti ya wá bá wa. Inú ń bí i gan-an. Ó ní tuntun lòun ra á, kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé gàràntí ọdún méjì wà lórí rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló bẹ́ lójú títì, ìyá ọlọ́jà mẹ́fà sì wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ò dojú dé, ó kàn já wọ igbó ni. Ṣùgbọ́n apá ìyá kan dá, tòmátì apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá sì di ọbẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ yìí padà lọ bá ẹni tó ta táyà, onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "Gàràntí ò bo èyí." Ó wá fẹ́ ká pariwo rẹ̀ lórí rédíò pé jìbìtì ni.

A ò pariwo. A gbé táyà náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń lẹ táyà tipẹ́. Bàbá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fà á jáde, ìka rẹ̀ dúdú fún ìyẹ̀fun rọ́bà. Ó fi ilà kan hàn wá tó yí ẹ̀gbẹ́ táyà ká láti inú, bí àpá okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Ó ní: "Ọmọ mi, táyà yìí ti pẹ́ tó ti ń rìn láìní atẹ́gùn tó. Ooru ló pa á. Ẹni tó ṣe é kọ́ ló pa á."

Ó wá bi awakọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà wo lo wọn atẹ́gùn rẹ̀ gbẹ̀yìn? Awakọ̀ ní: "Ojú ni mo fi ń wò ó." Ìwé owó rẹ dà? Ó ní wọn ò fún òun, òun náà ò sì bèèrè. Àpò mélòó lo máa ń dì lé e lọ́jọ́ ọjà? Awakọ̀ ò fọhùn mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni gbogbo ètò tòní. Ẹni tó bá lè dáhùn wọn, gàràntí lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gàràntí jẹ́ fún un.

Kí tilẹ̀ ni gàràntí?

Ẹ wo ìyá tó ra ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò. Bó bá délé, tó bu omi sí i, tí omi ń jò lọ́jọ́ náà, ẹ̀bi amọ̀kòkò ni, yóò gbé e padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé ìkòkò kọsẹ̀, tó fọ́, ta ló máa gbé àfọ́kù lọ bá amọ̀kòkò? Bí gàràntí táyà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìlérí tí ẹni tó ṣe táyà ṣe lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Ohun tó sábà máa ń bò ni àbùkù tó ti ilé iṣẹ́ wá: kí àwọn ìpele rọ́bà àti wáyà inú rẹ̀ máa ṣí kúrò lára ara wọn fúnra wọn, kí táyà má rí róbótó dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kí ó wú níbi kan láìjẹ́ pé ó kọlu nǹkan.

Ohun tí kì í bò ló pọ̀ jù ní ojú ọ̀nà tiwa. Ìṣó gún un: kì í bò ó. Ó já sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú: kì í bò ó. Atẹ́gùn kéré jù tàbí ó pọ̀ jù: kì í bò ó. Ẹrù wúwo ju agbára rẹ̀ lọ: kì í bò ó. Wọ́n fi sára ríìmù tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ìlẹ̀kulẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò tò tó fi jẹ ẹ́ lápá kan: gbogbo wọn, kì í bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó ń pa táyà láàárín wa, ọwọ́ tiwa ló wà.

Bó bá sì jẹ́ pé àbùkù ilé iṣẹ́ ni lóòótọ́, ẹ má retí pé ẹ ó gba gbogbo owó yín ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ẹ ti lò, wọ́n á yọ ọ́. Ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ ra táyà ní 40,000 fráǹkì, tí eyín rẹ̀ jìn tó mìlímítà 8 ní tuntun. Mìlímítà 1.6 ni a ti gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiyín láti lò jẹ́ 6.4. Bí àbùkù bá hàn nígbà tó ku 4.8, ẹ ti lo 3.2, ìyẹn ìdajì. Nítorí náà, 20,000 ni wọ́n á gbé kúrò fún yín nínú owó táyà tuntun, ẹ ó fi ìyókù kún un. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ, bí ètò gàràntí púpọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn.

Ìwé tí kò gbọdọ̀ sọnù

Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á: Ta ló ń ṣe gàràntí yìí, ṣé ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ni àbí ìwọ fúnra rẹ? Títí dìgbà wo? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ibo ni mo máa gbé e wá? Bó bá ń dáhùn gátagàta, ẹ ti mọ̀ pé gàràntí ẹnu ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé owó, èyí tí à ń pè ní reçu. Kí ọjọ́ tí ẹ rà á wà níbẹ̀, kí orúkọ àti ìwọ̀n táyà wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ wà níbẹ̀, kí òǹtẹ̀ ẹni tó tà á sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn lọ́jọ́ náà sí i. Yíǹkì tètè máa ń pa rẹ́ lórí ìwé mìíràn, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Bí táyà bá sì bẹ́, ẹ má jù ú nù, ẹ má fi jókòó. Òun ni ẹlẹ́rìí yín. Láìsí táyà, kò sí ẹjọ́.

Òfin náà ò gbàgbé ẹni tó ra ọjà. Ní Benin, òfin tí a jogún lọ́wọ́ Faransé mọ ohun tó ń jẹ́ vice caché, ìyẹn àbùkù tó fara pamọ́ sínú ọjà kí ẹ tó rà á, tí ojú ò lè rí. Ẹni tó ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́, kódà bí kò bá kọ gàràntí kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọjà ló máa fi hàn pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé la tún padà sí yẹn.

Àlòkù tó ti Yúróòpù dé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: púpọ̀ nínú wa, àlòkù là ń rà, èyí tó gba èbúté Kutọnu wọlé. A ò ní bú ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ṣe mọ là ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé gàràntí ilé iṣẹ́ sábà máa ń parí sọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó rà á. Bí ẹ bá ra àlòkù, ojú yín ni gàràntí yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà náà. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ máa lọ. Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà yìí ní apá kan, ẹ yí táyà padà, ó lè wà ní apá kejì. Bí wọ́n bá há a kúrò, ẹni tó há a ní ohun tó ń fi pamọ́.

Rọ́bà ń gbó, kódà bí kò bá rìn. Michelin, ilé iṣẹ́ Faransé tó ń ṣe táyà, ń gbani nímọ̀ràn pé bí táyà bá ti lo ọdún 5, kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdọọdún, àti pé kí a má jẹ́ kó kọjá ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà. Táyà ìrọ́pò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà wà nínú ìṣirò yìí.

Ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín jẹ. Wọ́n lè fi nǹkan dúdú kun táyà tó ti gbó kó máa kọ mànà. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ọyẹ́, ó ti gbẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, bí ọwọ́ bá bá ibi tó wú, wáyà inú ti já. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àárín eyín rẹ̀: rọ́bà kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ àlàfo eyín tó dábùú rẹ̀. Mìlímítà 1.6 ni gíga wọn. Bí eyín bá ti jẹ dé ọgbọọgba pẹ̀lú wọn, táyà náà ti parí. Lọ́jọ́ òjò, eyín yẹn ló ń fún omi jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá sí eyín mọ́, orí omi ni ọkọ̀ ń lọ, bíréèkì ò sì ní ohun tó máa dì mú.

Ẹrù tí táyà lè gbé

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ sún mọ́bí. Bí ẹ bá rí 185/65 R14 86T lára táyà, 86 yẹn ni kí ẹ wò. Ó túmọ̀ sí pé táyà kan kò gbọdọ̀ gbé ju kìlógíráàmù 530 lọ. Táyà mẹ́rin á gbé 2,120, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ o.

Ká ní ọkọ̀ wọn 1,200. Ká kó ènìyàn mẹ́sàn-án sí i pẹ̀lú awakọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn 65, ìyẹn 585. Ká wá di àpò àgbàdo márùn-ún tó wọn 100, 100 lé e, ìyẹn 500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,285. A ti fi 165 kọjá agbára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà ká ní wọ́n jọ pín in dọ́gba. Wọn kì í sì í pín in dọ́gba, ẹ̀yìn ni ẹrù ń jókòó sí. Tuntun ni táyà o, àlòkù ni o, kò sí gàràntí tó máa gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Atẹ́gùn: ìtọ́jú tí kò wọ́n

Ẹ mú wáyà tín-ín-rín kan, ẹ máa ká a síwá sẹ́yìn. Ibi tí ẹ ń ká á máa gbóná, yóò sì já. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ ò tó ń ká bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ro bó ṣe ń yí láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, nínú oòrùn, lórí ọ̀dà gbígbóná. Ohun tó pa táyà awakọ̀ wa nìyẹn.

Ojú kì í mọ̀ ọ́n. Táyà tó dín ní ìdá mẹ́rin atẹ́gùn rẹ̀ lè ṣì dà bí èyí tó pé. Ohun èlò ìwọ̀n ni kí ẹ lò. Ó kéré tán, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kí wọ́n ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìgbà tí ìrìn bá máa jìn. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tó ti gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ ti fẹ̀, ìwọ̀n á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má tú u dànù nígbà yẹn, torí bó bá tutù, kò ní tó mọ́.

Kílò mélòó? Ẹ má ṣe bi aládùúgbò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irin ibẹ̀. Ó kọ iye bar, ohun tí àwọn tó ń fẹ́ táyà ń pè ní kílò, fún iwájú àti fún ẹ̀yìn, fún ìgbà tí kò sí ẹrù àti ìgbà tí ẹrù kún. Nínú ọkọ̀ kékeré, ó sábà máa ń wà láàárín 2 sí 2.5 bí kò bá sí ẹrù. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá, kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fẹ́ sí i.

Táyà náà máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Bó bá ń jẹ létí méjèèjì, atẹ́gùn kéré. Bó bá ń jẹ láàárín, atẹ́gùn pọ̀ jù. Bó bá ń jẹ létí kan ṣoṣo, ẹ lọ bá mẹkáníìkì kó to ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní parallélisme. Ní nǹkan bíi 10,000 kìlómítà sí ara wọn, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn pààrọ̀ ipò kí wọ́n lè jọ jẹ dọ́gba. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú táyà tí wọ́n dè é padà, ẹ rìn bíi 50 sí 100 kìlómítà, kí ẹ tún un fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ìṣó bá gún un lójú, níbi tí eyín wà, tí ihò náà ò ju mìlímítà 6 lọ, a lè lẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ tú u kúrò lára ríìmù kó ti inú lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an fún yín. Ẹ̀gbẹ́ ló ń ká jù, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ bẹ́.

Táyà tó ti kú

Bó bá ti kú, kò tíì tán. Táyà tó gba omi òjò sínú lẹ́yìn ilé, ilé ẹ̀fọn ni. Ẹ lu ú ní ihò kí omi lè jò dànù, tàbí kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ kún un. Ẹ má fi táyà dáná sun irun ewúrẹ́ tàbí awọ màlúù. Èéfín dúdú yẹn ní májèlé, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sun ún, ó sì ń wọ ẹran tí a fẹ́ jẹ.

Kí ẹ tó wọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ọkọ̀, iṣẹ́ tiyín nìyí. Kí ẹ tó gbé ẹrù yín fún awakọ̀, ẹ yí ọkọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wáyà bá ti yọjú, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wú, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí awakọ̀ bá ní ẹ̀ ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn pé ọmọ ń dúró dè yín nílé. Bí ìyá mẹ́fà bá kọ̀ láti wọ ọkọ̀ kan, awakọ̀ yẹn á wá owó táyà kó tó di ọjọ́ ọjà mìíràn.

Awakọ̀ tó gbé táyà wá bá wa náà padà wá. Kò gba owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó yọ ohun ìwọ̀n atẹ́gùn kékeré kan nínú àpò, ó ní ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè lòun fi ń wọ̀n ọ́n báyìí. Ó tún fi fọ́tò ìwé owó táyà tuntun hàn wá nínú fóònù rẹ̀. Ó ní ìyá tí apá rẹ̀ dá ti ń jinná, òun náà ló sì ń gbé e lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́ títí apá náà á fi le.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ agbọ́-rédíò, ohun tí ẹ máa jíròrò rèé kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ mélòó ló ń kó ẹrù ìlú yín lọ sọ́jà, ta sì ni nínú yín tó ti wo DOT lára táyà wọn? Ṣé ẹgbẹ́ yín lè dáwó jọ ra ohun ìwọ̀n atẹ́gùn kan, kó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí gbogbo awakọ̀ àti ọlọ́kadà ìlú máa wá lò ó? Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á.

 Ọ̀nà á gba gbogbo wa.